Orúkọ Tí Pakiyam Kò Lè Pè

Ní oko tíì Dunmarrow, lókè ìlú Hatton, obìnrin kankan kò ṣe kangani rí. Kangani ni ẹni tó ń darí àwọn tó ń já ewé: òun ló ń pe orúkọ wọn láàárọ̀, òun ló ń sọ ibi tí wọn yóò gbà gun òkè, òun náà ló sì ń bú wọn bí ewé tó gbó bá wọ inú àpò. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń já ewé, ọkùnrin sì ni gbogbo àwọn tó ń bú wọn. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí rẹ̀ rí, nítorí àwọn tí ìbá béèrè wà lórí òkè pẹ̀lú àpò lẹ́yìn.

Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wá sọ pé àwọn fẹ́ dá àwọn obìnrin lẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n lè di kangani, Pakiyam ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè. Kì í ṣe pé ó láyà ju àwọn yòókù lọ. Láti ìgbà tí kò tíì lọ́kọ ló ti ń já ewé, ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ oríṣiríṣi kangani, òmíràn nínú wọn kò sì mọ̀ ju kó máa fọn fèrè lọ. Iṣẹ́ náà wù ú gan-an.

Jesintha ni ẹgbẹ́ rán wá kọ́ wọn, obìnrin onígbàgbọ́ kan tó ń lo awò ojú, tí ohùn rẹ̀ lè jí òkú. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń pàdé nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọn ewé, àti bí èèyàn ṣe ń mọ̀ bí òṣùwọ̀n bá ń purọ́. Ó kọ́ wọn ní òfin iṣẹ́, ó sì kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe bí agbọ́n bá bo ẹnì kan lórí òkè. Ohùn ló wá le jù. Jesintha ní kí wọ́n máa gun àga lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa pe orúkọ ara wọn kíkankíkan. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti ń sọ fún láti kékeré pé kí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ gun àga, ohùn wọn kò dé ẹnu ọ̀nà. Ti Pakiyam náà kò dé ibẹ̀. Àmọ́ kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé bó bá pe orúkọ nínú ilé, ajá tó sùn sẹ́nu ọ̀nà á dìde, á wá ibòmíràn lọ. Jesintha ní ó ti yege.

Nǹkan kan wà tí kò sẹ́ni tó rò. Obìnrin nìkan ló ń wá sí gbọ̀ngàn náà, orúkọ obìnrin nìkan sì ni wọ́n ń pè níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ lọ bá dorai, ìyẹn ọ̀gá oko, ó sì gbà pé òun yóò dán Pakiyam wò fún ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá ṣe é dáadáa, ó di kangani ọ̀wọ́ òṣìṣẹ́ kẹta. Bí kò bá ṣe é dáadáa, Thavarasa ni yóò gba ipò náà, ọmọ kangani tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì, tó ti ra fèrè tirẹ̀ sílẹ̀. Dorai kò sọ̀rọ̀ burúkú kankan. Ó kàn ní bí obìnrin yìí kò bá lè ṣe é, kí ẹgbẹ́ má tún bá òun sọ irú ọ̀rọ̀ yìí mọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, òjò ń ṣẹ́ wínníwínní. Àwọn obìnrin ti fi ọṣẹ pa ẹsẹ̀ kí eṣúṣú má baà lẹ̀ mọ́ wọn. Pakiyam dúró níwájú ọ̀wọ́ kẹta, akọ̀wé wà lápá ọ̀tún rẹ̀, dorai wà lápá òsì. Ó ń pe orúkọ, wọ́n ń dáhùn pé, "Mo wà." Bó bá jẹ́ kangani ọkùnrin ni, "Mo wà, bàbá" ni wọn ìbá wí. Pakiyam ṣe bí ẹni tí kò ṣàkíyèsí. Ó pe àwọn obìnrin tán, ó wá kan àwọn ọkùnrin tó ń ru àpò ewé lọ síbi òṣùwọ̀n. Orúkọ àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni Karuppan Muniandy.

Muniandy ni ọkọ rẹ̀. Karuppan ni bàbá ọkọ rẹ̀, tó ti di olóògbé. Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ká má tiẹ̀ wá sọ ti bàbá ọkọ, nítorí wọ́n ní ó ń gé ẹ̀mí wọn kúrú. Bí nọ́ọ̀sì bá bi Pakiyam ní orúkọ ọkọ rẹ̀, Nirosha ọmọ rẹ̀ ló máa ń tì síwájú kó lọ sọ ọ́. Àmọ́ nínú ìwé oko, orúkọ bàbá ló ń ṣáájú orúkọ ọmọ, èèwọ̀ méjì ló sì jókòó sórí ìlà kan ṣoṣo.

"Bàbá Nirosha," ni Pakiyam wí.

Ọkùnrin méjì dáhùn, nítorí Nirosha pọ̀ ní Dunmarrow. Akọ̀wé wo ìwé, ó ní òun kò rí Bàbá Nirosha kankan níbẹ̀. Dorai ní kó pe ohun tí wọ́n kọ. Pakiyam fi àgbọ̀n júwe Muniandy. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn obìnrin tó lọ́kọ sì ń wo ilẹ̀.

"Ẹni tí wọn ò bá pè, kò wá síṣẹ́ nìyẹn," ni dorai wí.

Muniandy, tó dúró síwájú gbogbo wọn tí òjò ń pa, ká àpò rẹ̀, ó lọ sílé.

Ní ọjọ́ kejì, Pakiyam bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé kó bá òun pe ìlà yẹn. Dorai béèrè bóyá ọ̀rẹ́ náà ni ẹgbẹ́ dá lẹ́kọ̀ọ́. Muniandy tún ká àpò rẹ̀. Ojú ti Pakiyam débi pé kò lè jẹun ọ̀sán. Jesintha sáré wá, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òun lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé Muniandy lọ sí ọ̀wọ́ mìíràn.

"Kangani tí wọ́n ní láti gbé ọkọ rẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀," ni Pakiyam wí, "kangani wo nìyẹn, àǹtí?"

Jesintha ní kò sí kangani tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó bá wọkọ̀ padà.

Ní ilé, Ramayi, ìyá ọkọ Pakiyam, ti sọ tirẹ̀ láti ọjọ́ Ajé pé bí ìyàwó òun bá fi ẹnu kan orúkọ ọmọ òun, kó mọ̀ pé òun ló pa á. Muniandy kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò bínú, ó kàn jókòó sílé. Lọ́jọ́ kìíní, ó tún ààrò ṣe, láti ìgbà náà ni èéfín ti ń wọ yàrá. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ilé adìyẹ kúrò níbi tó wà, adìyẹ kò sì yé ẹyin mọ́. Ó jẹ sámbólù, ìyẹn àgbọn tí wọ́n gún mọ́ ata, tí ìyá rẹ̀ tọ́jú di alẹ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àpótí ẹnu ọ̀nà tí Ramayi ti máa ń bá àwọn aládùúgbò tàkúrọ̀sọ, àwọn aládùúgbò rí ọkùnrin níbẹ̀, wọ́n kọjá lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Ramayi ń yan rótì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ, lórí ààrò. Ó ní, "Pakiyam."

"Màmá."

"Lọ́la, pè é."

Pakiyam rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Ẹ̀mí wọn ńkọ́, Màmá?"

Ramayi yí rótì padà. "Látọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọ ilé yìí, mi ò pe bàbá wọn lórúkọ rí. Nígbà tó ń kú lọ lọ́wọ́ mi, mi ò pè é. Ó kú náà ni."

Muniandy ń jẹun lọ. Nígbà tó ṣe, ó ní rótì ti gbẹ jù.

"Lọ síṣẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, Ramayi wá ṣẹ́gi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ibi tí wọ́n ti ń pe orúkọ, níbi tí kò sí igi kankan. Pakiyam pe àwọn obìnrin tán. Ó ṣe bí ẹni pé orí àga ni òun wà nínú gbọ̀ngàn.

"Karuppan Muniandy."

Ó dún ju gbogbo orúkọ tó ti ń pè bọ̀ lọ. Muniandy wo ìyàwó rẹ̀ díẹ̀.

"Mo wà, ìyá," ló wí.

Ọkùnrin tó tẹ̀lé e nínú ìwé náà dáhùn pé, "Mo wà, ìyá." Báyìí ni wọ́n ṣe pe orúkọ náà tán, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń dáhùn títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, dorai ní ọ̀wọ́ kẹta ti di ti Pakiyam. Thavarasa mú fèrè rẹ̀ wá fún un, nítorí kò mọ ohun tó tún máa fi ṣe. Pakiyam kí i pé ó ṣeun, ó ní ohùn òun tó òun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ramayi jókòó nídìí ààrò tó ń rú èéfín. Ó ní kí Pakiyam pe ohun tó máa ń pè láàárọ̀ yẹn kí òun gbọ́. Pakiyam bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

"Mi ò bínú. Pè é."

"Karuppan Muniandy."

"Ti ọmọ mi kọ́. Ti àkọ́kọ́ yẹn."

Muniandy dìde, ó ní òun fẹ́ wo adìyẹ. Pakiyam dúró títí ó fi jáde, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti kékeré.

"Karuppan," ló wí.

Ramayi mi orí. Ó fi ètè tẹ̀ lé orúkọ náà, ohùn kò jáde.

"Tún un pè," ló wí. "Pè é sókè."