Kòtò Tí Mo Gbẹ́ Kí Ìyá Ọkọ Mi Má Baà Lọ

Òórùn kápẹ́ẹ̀tì tó ti mu omi kì í tètè kúrò nímú ènìyàn. Títí di òní, tí mo bá wọ ilé ẹlòmíràn tí òórùn yẹn bá ta sí mi, ilé wa ní Ìgbògbò ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, nígbà tí àwọn ọmọ mi ṣì kéré, tí ìyá ọkọ mi ṣì ń gbé lọ́dọ̀ wa. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ilé ayálégbé nígbà náà ni. A ò tíì rẹ́ ilé náà tán tí a fi kó wọ ọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa nígbà tí a ń ra ilẹ̀ ni pé ọ̀dọ̀ wa ni ilẹ̀ àdúgbò náà dà sí. Àwọn tó yí wa ká ti da sìmẹ́ǹtì sí gbogbo àgbàlá wọn, omi òjò kò ríbi wọlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn mọ́, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bí àlejò tó mọ̀nà, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé tiwa náà á sì lọ kún un.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyá ọkọ mi. Ó wá bá mi wẹ àkọ́bí mi, ó ní òun á lo oṣù díẹ̀. Àkọ́bí náà ti ń sáré kiri, mo ti bí àbúrò rẹ̀, Màmá ṣì wà. Ìyá tó bí mi ti kú lọ́hùn-ún ní Ọ̀ṣun nígbà tí mo wà nílé ìwé, nítorí náà n kò mọ bí ó ti ń rí kí obìnrin kan dàgbà tán kó ṣì ní ìyá tó ń bá a wí, àfi ìgbà tí Màmá dé. Ó ń bá mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, ó ń bá mi jà lórí bí mo ti ń pọn ọmọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi pé ẹ̀rù máa ń bà mí. Tí omi bá wọlé, òun ló máa kó àwọn ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì, á jókòó tì wọ́n, èmi á máa gbọ́n omi sínú báfù. Ibẹ̀ ni Màmá ti máa bẹ̀rẹ̀.

“Èmi tí wọ́n bí sétí ọ̀sà! Ní Ẹ̀pẹ́, omi mọ àyè ẹ̀, àwa náà mọ tiwa. Ìgbògbò ni mo wá ti ń fẹsẹ̀ wọ́ omi nínú pálọ̀. Tí òjò yìí bá ti dá báyìí, mo ń lọ sílé mi.”

Òjò á dá, Màmá ò ní lọ. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá sọ ọ́ ni àyà mi máa ń já. Mo wá pinnu pé n ó wá nǹkan ṣe sí omi yìí kó tó lé e mọ́ mi lọ́wọ́.

Orí fóònù ni mo ti rí obìnrin kan nílùú òyìnbó tó gbẹ́ kòtò tí kò jìn sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tó darí omi òrùlé sí i, tó sì gbin nǹkan sínú rẹ̀ kí ilẹ̀ lè máa mu omi náà díẹ̀díẹ̀. Ọgbà òjò ló pè é. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì, mo sì di ọ̀gá. Mo ṣàlàyé fún ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ike kan, bí ẹni pé èmi ni mo dá òjò. Ó wò mí, ó ní kí n máa gbẹ́ lọ, tí mo bá ti kan omi kí n pe òun. A kò sọ fún Màmá. Mo fẹ́ kó kàn rí i lójijì ni kí inú rẹ̀ dùn.

Lọ́jọ́ tó lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Ìkòròdú, mo mú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Mo jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Mo rò pé n ó gbẹ́ ẹ gbòòrò, kí n fún un ní ìrísí tó rẹwà bíi ti orí fóònù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìgbògbò kò wo fóònù. Nígbà tí ọwọ́ mi fi bó, ibi tí mo lè dé ò ju kòtò tóóró kan lọ, gígùn rẹ̀ tó ènìyàn tó na gbalaja, mo sì kó yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo wọlé lọ wẹ̀.

Ẹ rántí pé ládùúgbò wa, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n sin bàbá tàbí ìyá sínú ọgbà ilé, kí wọ́n sì lẹ táìlì sí i lórí. Ẹ jẹ́ kí n sì fi kún un pé Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú ibà ni. Nígbà tí mo jáde, ó dúró sí ẹ̀yìnkùlé, kò tíì bọ́ ìborùn rẹ̀, ó ń wo kòtò yẹn.

“Ìyàwó mi, ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, Màmá.”

“Ó wá jẹ́ pé ẹ ń gbẹ́ ẹ de ẹnì kan nìyẹn. Ibà lásán! Ẹ ò tiẹ̀ ní sùúrù kí n gbádùn ná!”

Mo ń ṣàlàyé, kò gbọ́. Ó ti wọ yàrá, ó ti ń kó aṣọ sínú báàgì. Ó jókòó sẹ́nu géètì títí ọkọ mi fi dé láti ibi iṣẹ́. “Tí mo bá kú, Ẹ̀pẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé mi lọ,” ó sọ fún un kó tó kí i. “Mi ò lè sùn sínú ẹrọ̀fọ̀ Ìgbògbò.” Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó fa Màmá lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó da omi sínú kòtò náà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dúró tì í. Omi náà wọlẹ̀. Màmá wò ó, ó wò mí, ó wo ọwọ́ mi tó bó.

“Nítorí omi lo ṣe ń ṣe gbogbo èyí?”

Mo ní nítorí òun ni. Ó lọ tú báàgì rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, ọgbà náà di tiwa méjèèjì. Ọkọ mi bá wa fẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Sunday, ó fi páìpù darí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ sí i, a da yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀. Òdòdó ni mo fẹ́ gbìn. Màmá ní ṣé òdòdó la máa jẹ ni. Ó ní kí wọ́n fi ewé mọ́ínmọ́ín tòun ti gbòǹgbò ránṣẹ́ láti Ẹ̀pẹ́, ó gbin kókò sáàárín, ó jẹ́ kí n gbin òdòdó mi sétí kí n má baà sunkún. Nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ dé, ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Omi rọ́ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò, ó kó sínú ọgbà, ó ń yí po láàárín àwọn ewé. Kò wọlé. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ti fà á mu. Mo jó, mo pọn ọmọ jó.

Nígbà tí òjò ọdún yẹn kásẹ̀ nílẹ̀, Màmá ní òun ń lọ sílé. Mo rò pé àwàdà ni. Mo bi í pé kí ni mo ṣe.

“O ò ṣe nǹkan kan. Kí lo rò pé ó ń dá mi dúró síbí látọjọ́ yìí? Omi yẹn náà ni. Ṣé mo lè fi àwọn ọmọ yìí sílẹ̀ nínú ilé tómi ń wọ̀? Ọkàn mi ti balẹ̀ wàyí, ìyàwó mi. O ṣeun.”

Èmi tí mo rò pé omi ló fẹ́ lé e lọ! Mo sin ín gba ọ̀nà Ìtóìkin dé Ẹ̀pẹ́, kò síbi tí mi ò ti sunkún nínú ọkọ̀ ọ̀hún, ó sì ń fi etí ìborùn rẹ̀ nù mí lójú bí ẹni ń nu ọmọdé.

Ó gbé ọdún mélòó kan sí i lókè eèpẹ̀. A máa ń lọ kí i, ṣùgbọ́n kíkí kọ́ ni gbígbé. Tí òjò bá ti ṣú lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, fóònù mi á dún. “Ṣé omi wọlé?” Mo máa ní, “Kò wọlé, Màmá.” Á ní, “Alihamudulilahi,” á sì pa á. Nígbà ọyẹ́ ni ó kú, lójú oorun.

Àwọn ọmọ ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì báyìí. Ewé mọ́ínmọ́ín ti bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé, àwọn aládùúgbò ń wá já nínú rẹ̀, ilé wa sì gbẹ. Inú mi yẹ kó dùn sí i. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti ń rọ̀, mo máa ń mú fóònù dání láìmọ̀, mo sì ti mọ ohun tí n ó sọ bí ó bá lè dún lẹ́ẹ̀kan sí i. Irọ́ ni n ó pa. N ó ní, “Ó ti wọlé, Màmá. Ó ti dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ máa bọ̀.”