Ìyá Bọ́sẹ̀ àti Ìgò Abẹ́rẹ́ Èèyi

Látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, àárò ilé ìwòsàn kékeré tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Bùnú kì í yé sọ mí. Láàárọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́, kí oòrùn tó mú, ọ̀kadà á ti gbé kúlà dé láti Kàbà, yìnyín nínú rẹ̀, ìgò àjẹsára láàárín yìnyín. Ọ̀gá mi, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá Nọ́ọ̀sì, á fọwọ́ kan kúlà náà bí ẹni ń wo ara ọmọ tí ibà ń ṣe, á ní, "Ó tutù. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀." Ẹ̀rù obìnrin yẹn máa ń bà mí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìgò abẹ́rẹ́ èèyi ni kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú rárá. Ìyẹ̀fun ló wà nínú rẹ̀. Omi tó ń bá a wá la fi ń pò ó, ọmọ mẹ́wàá ló sì wà fún. Tí a bá ti pò ó, kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì, dídanù ni. Nítorí náà, tí ọmọ ò bá pọ̀, Màmá Nọ́ọ̀sì ò ní ṣí i. Àjẹsára ṣọ̀wọ́n nígbà yẹn, ẹ má bínú sí i.

Lọ́jọ́ kan tí gbogbo ìlú ń ṣiṣẹ́ ẹ̀gẹ́, Ìyá Bọ́sẹ̀ dé láti abà. Ẹsẹ̀ ló fi rìn, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, eruku dé orúnkún.

"Okun o, Màmá."

"Okun o. Kí ló dé?"

"Nǹkan yẹn ti wọ abà tó kángun sí tiwa. Ojú àwọn ọmọ ti pọ́n, ara wọn ti sú. Ẹ bá mi fún Bọ́sẹ̀ lábẹ́rẹ́."

Kò dárúkọ èèyi. Àwọn ìyá wa kì í dárúkọ rẹ̀ níwájú ọmọ, kí àrùn náà má baà gbọ́ kó yà sílé.

Màmá Nọ́ọ̀sì wo yàrá tó ṣófo. "Ọmọ tìrẹ nìkan ló wá. Padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kẹ̀! Ṣé èèyi máa ń dúró de ènìyàn ni? Mo ti la ẹnu, ọ̀gá mi bojú wò mí, mo pa á dé kíá.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ò sunkún, kò jà. "Ọmọ mélòó lẹ fẹ́?"

"Mẹ́wàá."

Ó tú ọmọ lẹ́yìn, ó gbé e fún mi. "Àǹtí, ẹ bá mi gbé e dání." Kí n tó dáhùn, ó ti lọ.

Wọ́n ní kò sí agboolé tí kò yà. Ó bá àwọn kan níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́, ó bẹ̀ wọ́n. Ó bá obìnrin kan tó ń yan gaàrí, ìyẹn ní gaàrí òun á jóná. Ìyá Bọ́sẹ̀ gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a yan án tán, wọ́n sì jọ gbéra. Ẹ gbà mí o! Gaàrí! Èmi tí Bọ́sẹ̀ ti tọ̀ sí láṣọ funfun, mo ń wo ọ̀nà títí ọrùn fi ń dùn mí.

Wọ́n dé lóòótọ́, tẹ̀rín tariwo. Màmá Nọ́ọ̀sì po abẹ́rẹ́, igbe ọmọ gba ilé kan. Mo ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ bọ́ síwájú."

"Háà, Àǹtí! Èmi tí mo fà wọ́n kúrò nídìí iṣẹ́ ni n ó wá kọ́kọ́ ṣe tèmi? Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe tiwọn ná."

Bó ṣe kàn án ni ìgò gbẹ. Ọmọ mẹ́wàá ló kó wá, láì ka tirẹ̀ mọ́ ọn. Ó fa Bọ́sẹ̀ mọ́ra, omijé tó ti ń pa mọ́ra láti àárọ̀ wá já bọ́. Ojú tèmi náà kún.

Màmá Nọ́ọ̀sì ṣí kúlà, ó mú ìgò mìíràn, ó pò ó, ó gún Bọ́sẹ̀ lápá. Ọmọ ń ké, èmi àti ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Bọ́sẹ̀ nu ojú, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó wá tẹjú mọ́ ìgò tó wà lórí tábìlì.

"Màmá, ti ọmọ mélòó ló kù nínú rẹ̀?"

"Ti mẹ́sàn-án."

Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. "Ẹ má tíì palẹ̀ mọ́ o," ó ní, ó sì tún gba ọ̀nà ìlú lọ.