Ẹyẹ Tó Wà Lọ́rùn Mi

Wọ́n ní ẹyẹ àjẹ́ ni mo so mọ́ ọrùn. Wọn ò sọ ọ́ lójú mi. Mọ́ínmọ́ín mi tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn ní àsàlátù ọjọ́ Sunday ló tú wọn fó. Èmi tí mo ti ń lé orin fún wọn ní Peckham láti ọdún mẹ́sàn-án.

Wúrà ni ẹyẹ ọ̀hún, kò tó àtàǹpàkò mi. Ojú àti ẹsẹ̀ èèyàn ló ní, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣe ṣónṣó bíi ti àṣá, ìyẹ́ méjì sì nà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Obìnrin ará Colombia kan tá a jọ ń tún ọ́fíìsì ṣe ló fún mi. Nígbà ààwẹ̀, òun ló máa ń bá mi gbá ilẹ̀ àjà òkè kí n lè ráyè ṣínu. Nígbà tí jẹjẹrẹ mú un, ó bọ́ ọ lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi sí mi lọ́wọ́. Ó ní ẹ̀dà ohun tí àwọn baba ńlá òun ń rọ kí òyìnbó tó dé ni. Àwọn tó ṣẹ́gun wọn pè é ní òrìṣà, wọ́n kó o, wọ́n yọ́ ọ. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi kú.

Alhaja tó jẹ́ olórí wa pè mí sí kọ̀rọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ béèrè exam ọmọ mi, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

“Mo mọ̀ pé o ò ní bad mind, àmọ́ àwọn èèyàn ń complain pé ẹyẹ àjẹ́ ni. Bọ́ ọ, àbí kí ẹlòmíì máa lé orin.”

Inú bí mi gan-an. Ẹyẹlé tó ń ṣu sí wa lórí ní Rye Lane ńkọ́, ta ló ń sá fún un? Ṣùgbọ́n àgbà ni wọ́n, mo kúnlẹ̀.

“Mummy, ẹ má bínú, mi ò ní bọ́ ọ. Ohun tí ẹ sọ yìí náà làwọn tó yọ́ ti àwọn baba ńlá olóògbé tó fún mi sọ.”

Wọ́n ní òkú ò mọ ohun tá a wọ̀. Mo ní èmi mọ̀ ọ́n.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíì ló lé orin. Ó dùn mí wọra, mi ò ní parọ́. Mo fa ẹyẹ náà síta lábẹ́ híjáàbù, mo jókòó níwájú. Nígbà tá a dé ibi àdúà fún àwọn tó ti lọ, tí kálukú ń dárúkọ òkú tiẹ̀, ó kàn mí. Mo dárúkọ obìnrin Colombia náà tòun ti orúkọ bàbá rẹ̀, sókè ketekete. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín.

Mo ṣe é fúnra mi.