Verlene Tó Ń So Ìlẹ̀kùn Mọ́ Ọkọ̀

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbáko ni Verlene Stovall fi so ìlẹ̀kùn mọ́ ọkọ̀ ńlá ní Tẹ́sáàsì. Ìlẹ̀kùn iwájú lápá ọ̀tún ni tirẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ náà, ọkọ̀ akẹ́rù ni. Òkè rẹ̀, ibi tí bàbá, ìyá, ọmọ àti ajá lè jókòó sí.

Òun fúnra rẹ̀ kò ra ọ̀kan rí. Darlys ló ń rà á, aya Denton, àbúrò Royce, ọkọ Verlene. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti yí ọkọ̀ náà padà báyìí, Darlys á ti débẹ̀.

Ti àkọ́kọ́ le bí òkúta, ó ń ta èèyàn sókè bí ẹṣin tí kò gba ìjánu. Verlene ní eyín Darlys yóò yọ tán nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọkọ̀ ọ̀hún. Ti kejì ní ìlà ìjókòó kẹta. Ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ á fi orúnkún kan àgbọ̀n. Ti kẹta rọ̀, ihò tí wọ́n ń gbé ife sí sì kún inú rẹ̀ bí ẹni pé òùngbẹ ló ń pa gbogbo ìdílé. Nígbà tí ti kẹrin dé, wọ́n ti yọ irin gbọọrọ tó de táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ilẹ̀ ọkọ̀ wá sílẹ̀, àgbàlagbà sì ń na ẹsẹ̀ lẹ́yìn pátápátá. Darlys ra gbogbo rẹ̀. Owú sì ń jẹ Verlene bí ikán.

Ohun tó dùn ún jù ni Màmá Odessa, ìyá Royce àti Denton. Iwájú ọkọ̀ Darlys ni Màmá ń jókòó sí lọ sí ìsìn. Nígbà tí Royce wà láyé, Verlene ṣì fara dà á, nítorí Màmá á tọ ọmọ rẹ̀ wá jẹun lẹ́yìn ìsìn. Royce kú, ẹsẹ̀ Màmá pa rẹ́ nílé náà. Ẹ̀rín Royce gan-an ló wà lẹ́nu obìnrin yẹn, kò sí ibòmíràn tí Verlene ti lè gbọ́ ọ mọ́.

Bó ṣe fẹ̀yìn tì, ó lọ ra ọkọ̀ náà, dúdú, tuntun, ó di ilé Màmá lọ́jọ́ Sátidé.

“Màmá, èmi ni mo máa gbé yín lọ lọ́la.”

Màmá yọjú lójú fèrèsé. “Ó jọ ti Darlys.”

“Òun náà ni!”

“Kí ni mo wá fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀ fún?” Ó bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, níbi tí wọ́n ti ń to oúnjẹ lẹ́yìn ìsìn, Verlene ká Darlys mọ́ ìdí tábìlì.

“Darlys, kí lo fún Màmá jẹ? O ti gba ìyá yìí mọ́ mi lọ́wọ́ pátápátá.”

“Èmi kẹ̀? Sìstá Verlene, ẹ jọ̀ọ́!” Darlys gbé abọ́ ẹ̀wà sílẹ̀ gbì. “Ẹ wá gbé wọn. Ṣé ẹ mọ ohun tí ojú mi ń rí? Wọ́n á sọ̀kalẹ̀ níwájú ilé ìsìn, wọ́n á pa ìlẹ̀kùn dé, wọ́n á tún ṣí i, wọ́n á tún pa á dé. ‘Ẹ gbọ́ bó ṣe dún! Aya Royce ló so ó.’ Gbogbo ìjọ ló ń gbọ́! Èmi ra epo, ẹ̀yin gba ògo. Mo ní bí mo bá ra tuntun wọ́n á gbàgbé. Ọkọ̀ mẹ́rin, Sìstá!”

Verlene kò mọ̀. Ṣé á mọ̀? Ó máa ń pẹ́ dé ilé ìsìn ni, kí ojú rẹ̀ má bàa rí ọkọ̀ Darlys.

Kò bẹ Màmá mọ́. Ẹ má wulẹ̀ rò pé owú náà tán o. Adùn ló wọ inú owú ọ̀hún. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó ti dúró ní iwájú ilé ìsìn kí ẹnikẹ́ni tó dé. Darlys rí i lókèèrè, ó yíwọ́ ọkọ̀ kíá sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, níbi tí kò sí ẹni tó máa gbọ́ nǹkan kan.

Verlene ká etí yẹ̀rì rẹ̀ sókè, ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ bá wọn kí Màmá tó pa ìlẹ̀kùn dé.