Àwọ̀ Ojú Bàbá Mi Nínú Fídíò

Kọ̀ǹpútà yẹn ni mo kọ́kọ́ bú. Mo ní oníranù ni, mo sì ṣépè fún ẹni tó tà á fún mi.

Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe ní Òṣogbo nígbà náà, lọ́dún díẹ̀ kí fóònù alágbèéká tó dé. Mo máa ń lọ ya ìgbéyàwó àti ìsìnkú, mo sì tún ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀ tẹ lẹ́tà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra káàdì kan tí wọ́n ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà, èyí tó ń gba àwòrán láti inú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, tí èèyàn á fi lè kọ ọ́ sórí síídì. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣí i kì í ṣe ti oníbàárà. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Iléṣà ni. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pé kí n wá yà á, kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà nílùú òyìnbó, tí kò tíì wálé láti ìgbà tó ti lọ, lè rí gbogbo wa.

Bàbá mi yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè níbi tí wọ́n ti ń súre fún ìdílé wa. Ojú rẹ̀ yẹ́lò. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yẹ́lò. Ẹyinjú rẹ̀ gan-an, ibi tó yẹ kó funfun, pọ́n bí ìyeyè.

Àyà mi já. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni, mi ò sì tíì dà á kọ sí òmíràn. Bó bá ti bàjẹ́, kí ni mo fẹ́ wí fún Bàbá? Ṣé kí n ní kí ìjọ tún ìkórè mìíràn ṣe ni?

Mo yọ wáyà, mo tún un kì. Mo fi òwú àti sípíríìtì nu irin tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì nínú ẹ̀rọ fídíò. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Mo ki kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó kan bọ̀ ọ́, ìyàwó yọ, dúdú rẹ̀ ń dán, kò sí àléébù kankan. Mo dá ti Bàbá padà. Yẹ́lò!

Mo wá bú ara mi. Àwa tí ń ya fídíò, kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a máa ń dojú kámẹ́rà kọ ohun funfun, kó lè mọ ohun tó ń jẹ́ funfun níbi tí a wà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ àwọn akọrin ni mo máa ń lò. Mo ní ó dájú pé mo gbàgbé ni, ọ̀lẹ èèyàn.

Ibì kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà tí èèyàn ti lè dín àwọ̀ kan kù. Mo ń dín yẹ́lò kù díẹ̀díẹ̀, ojú Bàbá sì ń padà bọ̀ sípò bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo mí kanlẹ̀.

Obìnrin kan tó ń dúró de lẹ́tà rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Ó ní, "Bọ̀dá, gèlè màmá yẹn ti di búlúù o! Ṣé ẹ ń pa á láró ni?"

Gèlè ìyá mi ni, èyí tí mo mọ̀ pé ó funfun báláú. Ó ti di búlúù lóòótọ́. Aṣọ àwọn akọrin lẹ́yìn wọn náà, búlúù. Mo dá àwọ̀ padà, gèlè funfun, Bàbá yẹ́lò. Mo tún dín in kù, Bàbá dára, gbogbo ìjọ di búlúù. Ìyá mi sì rèé, ó dúró tì í, èjìká kan èjìká, ojú tirẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Ọwọ́ mi ṣubú lórí tábìlì. Kò sí ohun tó ṣe kásẹ́ẹ̀tì. Kò sí ohun tó ṣe káàdì. Bàbá mi ló yẹ́lò.

"Yéè!" ni mo ké, obìnrin náà sì fò dìde.

Báwo ni mi ò ṣe rí i lọ́jọ́ ìkórè? Ihò kámẹ́rà tí mo ń yọjú sí, dúdú àti funfun nìkan ló ń fi hàn. Nílé, lábẹ́ gílóòbù tí iná rẹ̀ kò lágbára, gbogbo wa ló máa ń pọ́n rúsúrúsú.

Mo bẹ obìnrin náà, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo sáré wọ takisí Iléṣà. Láti ìkórè ni kásẹ́ẹ̀tì yẹn ti wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, tí mò ń dúró de káàdì. Kí ni àìsàn yẹn ti dà báyìí? Mò ń wo ẹyinjú àwọn tá a jọ wọkọ̀, wọ́n funfun, inú sì ń bí mi sí wọn.

Bàbá wà ní pálọ̀, ó rọra jókòó. Ìyá mi gbé ife àgbo lọ́wọ́. Ó ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ lásán ni, ó ní Bàbá ló ní kí òun má sọ fún wa, kí ọkàn wa má baà dàrú.

Mo di ọwọ́ Bàbá mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bọ́ síta." Nínú oòrùn, ó yẹ́lò ju ti fídíò lọ. Ọwọ́ tí mo dì mú ti fúyẹ́. Mo bú sẹ́kún.

"Bàbá, ọsibítù là ń lọ báyìí báyìí."

Bàbá mi, tó máa ń bá èèyàn jiyàn lórí iye iyọ̀ inú ọbẹ̀, kò jiyàn. Ó kàn ní kí n bá òun mú fìlà. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

Nínú mọ́tò, ó fara tì mí. "Fídíò ìkórè yẹn, ṣé o ti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Ó kù díẹ̀, Bàbá."

Ó fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀ bo iwájú orí. "Wọ́n ní kọ̀ǹpútà lè tún àwọ̀ ṣe. Bá mi mú eléyìí kúrò lójú mi kó tó rí i. Má jẹ́ kí ẹ̀rù ba ọmọ mi níbi tó wà."

"Kò ṣeé ṣe, Bàbá," ni mo wí.

Mo fẹ́ kí ẹ̀rù ba ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ kí ẹ̀rù bà á débi pé á wálé nígbà tí Bàbá ṣì wà láyé láti rí i.