Nígbà tí A Ń Ké Ìbéèrè Bí Katikísímù

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin kú, ọmọ tó fi sílẹ̀ wá bá mi gbé ní Ìsìkàn, l'Ákùrẹ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́ ní yunifásítì. Ó ti ṣe ìdánwò àṣewọlé lẹ́ẹ̀kan, kò yege. Bàbá rẹ̀, tó ń gbé l'Óǹdó, wá là á mọ́lẹ̀ pé bí èyí tó ń bọ̀ yìí kò bá tún bọ́ sí i, òun á mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun ní Ìgbàrà-Òkè kó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán.

Ó ra ìwé ńlá kan tí wọ́n kó ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá sí, tí ìdáhùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi tí n kò kọjá pírámárì, ohun tí mo mọ̀ ni mo fi ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí a wà lọ́mọdé l'Óǹdó, kí bíṣọ́ọ̀bù tó gbọ́wọ́ lé wa lórí, wọ́n á bi wá ní katikísímù, àwa náà á sì dáhùn wàràwàrà láìronú. Mo ṣì mọ orúkọ gbogbo àwa tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn ti lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń pe ìbéèrè fún un nírọ̀lẹ́, bí ẹnu mi bá ṣe gbé e, tí òun ń dáhùn: "B. D. A." Ohùn ìyá rẹ̀ gan-an ni. Bó bá parí, mo máa ń ní kó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe tìtorí ìdánwò.

Tí bàbá rẹ̀ bá pè lọ́jọ́ Sunday, màá ní kò ṣi ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà sáyẹ́ǹsì tó ń gbé ilé kejì sí wa yà kí mi. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi.

"Kí ló dé tí yìnyín fi ń léfòó lórí omi?"

"C," lọmọ wí.

"C wo? Ṣé mo ti ka ìdáhùn kankan fún ọ ni?"

"C náà ni, ma."

"Bí wọ́n bá wá gbé C sí ipò A lórí kọ̀ǹpútà ńkọ́?"

Ọmọ wò mí. Èmi náà wo ilẹ̀.

"Màmá, ẹ ti sọ ọmọ yìí di ayékòótọ́."

Ó fa ibi tí ìdáhùn wà ya, ó kó o sínú báàgì rẹ̀. Ó ní kọ́mọ kọ́kọ́ ka ẹ̀kọ́ kó tó fọwọ́ kan ìbéèrè. Kó fi bébà bo ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, A dé D, tí wọ́n ní kó mú ọ̀kan nínú wọn, kó wá tirẹ̀, kó tó wá sọ ìdí tí mẹ́ta yòókù kì í fi í ṣe òun. Èyí tó bá ṣì, kó padà sídìí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kó sì tún un ṣe nígbà tó bá ti gbàgbé.

"Ibi tó ti ṣì ni iṣẹ́ wà," ló wí. "Èyí tó mọ̀ kò nílò wa."

Látìgbà náà ni ilé ti dákẹ́. Ọmọ á tẹrí ba síwèé, n kò ní gbọ́ nǹkan kan. Tíṣà ló ń fi ìdáhùn tó fà ya máàkì fún un; máàkì rẹ̀ kò tó ìdajì mọ́. Mo sọ òótọ́ fún bàbá rẹ̀.

"Ṣebí ẹ ní kì í ṣi ọ̀kan, Màmá?"

"Ó há a sórí ni. Kò mọ̀ ọ́n."

"Ìgbà wo ló wá fẹ́ mọ̀ ọ́n?"



Bàbá rẹ̀ dé lọ́jọ́ Sátidé, báàgì òfìfo tó fẹ́ fi kó ẹrù ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ kí i lórí ìkúnlẹ̀, ó padà sídìí ìwé. Bàbá jókòó tì í títí.

"Kí lò ń ṣe látàárọ̀ tó ò tíì dáhùn?"

"Mò ń wá ibi tí mo ti ṣìnà, Dádì. Mo ti rí méjì."

Bàbá ká báàgì rẹ̀, ó fi sábẹ́ apá. "Kó ṣe ìdánwò yẹn ná," ló sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ṣe é. Èsì dé, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n kò tó èyí tí wọ́n ń bèèrè fún nọ́ọ̀sì. Ẹkún rẹ̀ ò pariwo. Bàbá rẹ̀ kò yẹhùn, ó ní ọmọ yóò lọ sí Ìgbàrà-Òkè. Ṣùgbọ́n ó ní yóò tún ìdánwò ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, òun á sì bá àbúrò òun sọ ọ́ kó máa rí àyè kàwé.

Àná lọmọ lọ. Bí mo ṣe ń bá a dirù, mo fẹ́ ki ìwé ìbéèrè náà bọ inú báàgì.

"Ẹ jẹ́ kó ṣì wà lọ́wọ́ yín, Màmá," ló wí. "Mi ò tíì ka ẹ̀kọ́ débi ìbéèrè."