Màmá Ti Débí Ṣáájú Yín

Ohun méjì ni Màmá Nọ́ọ̀sì fẹ́ràn lẹ́yìn Ọlọ́run wọn: kí wọ́n wo fíìmù, àti kí wọ́n máa ya ilé onílé kiri láti wo ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì kí n tó mọ̀ wọ́n. Ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn ti tú ká, àwọn nìkan ló ń gbé nínú ilé kékeré kan lójú ọ̀nà Ìbà. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ tíṣà ní Òkòkòmáíkò nígbà náà, ní nǹkan bí àárín ọdún 1980 sí 1990, mo sì gba yàrá kan sí ilé kejì sí tiwọn. N kò mọ ẹnì kankan ní gbogbo Ọ̀jọ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan wọ́n kanlẹ̀kùn mi, wọ́n ní kí n dìde kí n bá wọn gbé báàgì. Báyìí ni mo ṣe di ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá wọn kiri.

Àwa mẹ́rin ni. Màmá ni olórí wa. Bàbá Bíríkìlà, Ègùn kan tó ti pẹ́ láàárín wa, ló máa ń ṣáájú láti wo ibi tí pákó ti jẹrà. Aránṣọ kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi ló ṣìkẹta, èmi ni mo ṣìkẹrin. Ẹ̀yìn Àjàngbádì là ń lọ, níbi tí àwọn èèyàn kọ́lé sí lórí àbàtà. Bí òjò bá ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ojú pákó tí wọ́n tò sórí omi lèèyàn ń gbà láti ilé kan dé òmíràn. Omi kànga àti omi ṣáláńgá á wá di ọ̀kan náà. Ìgbà yẹn ni àìsàn onígbáméjì máa ń dé.

Màmá ló kọ́ wa bí a ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Wọ́n ní kí a máa tọ́ ọ wò kí a tó fún ọmọ: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Bí wọ́n bá pò ó tán, wọ́n á fi àwo bo ike náà, wọ́n á wá da ṣíbí dojú dé lórí àwo, kí ará ilé lè mọ̀ pé omi aláìsàn ni. Kò sẹ́ni tó tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wọn. Aṣọ nọ́ọ̀sì wọn àtijọ́ ni wọ́n máa ń wọ̀ jáde, funfun tó ti ń pọ́n, pẹ̀lú bàtà rọ́bà gígùn tó dé orúnkún.

Bí a bá parí, Bàbá Bíríkìlà àti aránṣọ á gba ilé lọ, èmi àti Màmá á sì gba ilé fídíò lọ tàwa ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn mẹkáníìkì ni ilé fídíò náà wà. Gbọ̀ngàn gbọọrọ ni, wọ́n fi tapólì dúdú bo gbogbo fèrèsé rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí o bá wọlé láago méjì ọ̀sán, òkùnkùn biribiri lo máa bá. Ìlà kẹrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ni Màmá máa ń jókòó. Wọ́n fẹ́ràn fíìmù Íńdíà jù. Wọ́n á máa ṣe ògbufọ̀ rẹ̀ fún mi ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: ó ní òun ò fẹ́ ẹ, bàbá rẹ̀ ló fi dandan lé e. Mo bi wọ́n níbi tí wọ́n ti gbọ́ èdè Íńdíà. Wọ́n ní ṣé n kò mọ̀ pé ojú lọ̀rọ̀ wà ni. Bí ibi tó máa ba èèyàn lẹ́rù bá sì ń bọ̀, wọ́n á fi gìgísẹ̀ bàtà lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, gbì, gbì, gbì, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Ọmọ kan ṣoṣo ló kú mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́dún tí àìsàn náà le jù. Ọmọbìnrin ni, kò tíì pé ọdún méjì. Ìyàwó awakọ̀ kan ló bí i, òun nìkan ló sì bí. Wọ́n ti gbé e kiri kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè wá, ojú rẹ̀ ti wọnú. Màmá jókòó tì í láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń fi ṣíbí kán omi sí i lẹ́nu. Nígbà tó dákẹ́, ìyá ọmọ náà di etí aṣọ Màmá mú, kò pariwo.

"Ẹ ní kó máa mu ún, ó mu ún," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ pa á."

Oṣù kan gbáko ni Màmá ò fi dé ilé fídíò lẹ́yìn ìyẹn.

Nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e ni Màmá ṣàárẹ̀. Àìsàn náà ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Wọ́n gbé òkú wọn lọ sí ìlú wọn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, mo sì tẹ̀ lé wọn lọ. Mo rí ojú wọn nínú pósí, mo rí òwú ní ihò imú wọn, mo sì wà lára àwọn tó bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Mo ń sọ èyí kí ó lè yé yín pé kì í ṣe pé wọ́n ròyìn ikú Màmá fún mi. Ojú mi ló ṣe.

Òjò tún dé, onígbáméjì tún tẹ̀ lé e. Àwa mẹ́ta tó kù pinnu pé a ó máa bá iṣẹ́ náà lọ. Ní Sátidé àkọ́kọ́, bíi aago mẹ́jọ àárọ̀, ìkùukùu ṣì wà lójú omi nígbà tí a dé ilé àkọ́kọ́ lẹ́yìn Àjàngbádì. Obìnrin tó ní ọmọ aláìsàn ń fọ aṣọ. Mo kí i, mo bèèrè ọmọ. Ó wò wá bí ẹni pé ẹnu yà á.

"Ṣé Màmá ò sọ fún yín ni?" ló wí. "Màmá ti débí ṣáájú yín. Wọ́n ti po omi ọmọ fún mi."

Mo bi í pé Màmá wo. Ó ní Màmá Nọ́ọ̀sì ni, ta ni ì bá tún jẹ́, wọn ò tíì kúrò níbẹ̀ pẹ́. Mo wọ yàrá. Ike náà wà lórí tábìlì, wọ́n fi àwo bò ó, wọ́n sì da ṣíbí dojú dé lórí àwo náà. Mo ṣí i, mo tọ́ ọ wò. Kò níyọ̀ ju omijé lọ.

Bákan náà ló rí nílé kejì. Nílé kẹta, ìyá arúgbó kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní Màmá ò tilẹ̀ dáhùn nígbà tí òun kí wọn, bóyá inú ń bí wọn ni. Aránṣọ bi í pé kí ni wọ́n wọ̀. Ó ní aṣọ funfun wọn náà ni, pẹ̀lú bàtà òjò. Ìgbà yẹn ni Bàbá Bíríkìlà gbé báàgì sílẹ̀ lórí pákó. Ó ní òun ò lè máa bá òkú pín iṣẹ́. Ó yí padà, kò sì bojú wẹ̀yìn.

A ò sọ fún ẹnì kankan ní àdúgbò yẹn pé Màmá ti kú. Àwọn kan mọ̀, wọn ò sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé wọ́n lọ sinmi ní ìlú wọn ni. Aránṣọ lọ bá wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ìyẹn ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ò lọ bá ẹnikẹ́ni. Mo ń lọ sílé ẹ̀kọ́, mo ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ṣùgbọ́n bí mo bá kọjú sí bọ́ọ̀dù, ṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnì kan wà lẹ́yìn kíláàsì tó ń wò mí, tí kì í ṣe ọmọ.

Ní Sátidé kejì, nígbà tí a tún rí ṣíbí tó dojú dé nílé mẹ́rin, n kò lè lọ sílé. Mo wọ ilé fídíò, torí ibẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ tí èèyàn ti lè jókòó láìronú. Mo jókòó sẹ́yìn. Fíìmù ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ojú mi mọ òkùnkùn náà tán, mo rí ẹnì kan ní ìlà kẹrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Aṣọ funfun ló wọ̀. Ó wé gèlè wálẹ̀ dé etí bí Màmá ṣe máa ń wé e. Mo sọ fún ara mi pé aláṣọ funfun pọ̀ ní agbègbè wa, àwọn aládùúrà kún ibẹ̀. Nínú fíìmù, obìnrin kan fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn kan. Kí ó tó ṣí i, mo gbọ́ ọ nísàlẹ̀: gbì, gbì, gbì.

Orí mi wú. Mo di àga iwájú mi mú. Bóyá ìṣẹ́jú kan ni, bóyá márùn-ún ni, n kò mọ̀. Nígbà tí mo wá dìde tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síwájú, iná lọ. Gbogbo gbọ̀ngàn hó yèè, wọ́n ń pe ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí iná fi máa dé, ẹ̀gbẹ́ àga náà ni mo dúró sí, kò sì sẹ́nì kankan lórí rẹ̀. Mo bi ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ní kò sẹ́ni tó jáde.

Mo dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ Sọ́ńdè, mo rò ó títí. Nígbà tó yá, mo rí i pé ẹ̀rù tó ń bà mí ti ń di ìbínú. Bí Màmá bá wà níbìkan, kí wọ́n yọjú sí mi, èmi tí mo gbé báàgì wọn. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo dá lọ sẹ́yìn Àjàngbádì kí ojúmọ́ tó mọ́ tán. Mo dúró sábẹ́ òrùlé ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ parí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí pákó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìró bàtà rọ́bà ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni funfun kan yọ nínú ìkùukùu, ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó tẹrí ba, báàgì wà lápá rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kọjá, mo bọ́ sórí pákó níwájú rẹ̀, ó sì gbójú sókè.

Ìyàwó awakọ̀ ni. Ìyá ọmọ tó kú.

Ó ti rù púpọ̀, aṣọ Màmá tóbi jù ú lọ. Òun ló kọ́kọ́ jókòó sórí pákó, èmi náà jókòó. Ó ní nígbà tí àìsàn Màmá le, Màmá ránṣẹ́ pe òun. Òun ò fẹ́ lọ, ọkọ òun ló rọ òun. Màmá ò sọ pé kó dárí ji àwọn. Wọ́n kàn ní kó po omi náà lójú àwọn, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, kó tún un pò. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n ní kó gbé aṣọ àti bàtà wọn.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń fara pamọ́.

"Ta ló máa gbé ọmọ rẹ̀ fún ẹni tí ọmọ tirẹ̀ kú?" ló wí. "Bí mo bá wé gèlè wálẹ̀, tí n ò sì sọ̀rọ̀, Màmá ni wọ́n ń rí. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rí wọn."

Ara mi wálẹ̀. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo wá bi í bóyá òun náà ló wà nílé fídíò ní Sátidé tó kọjá.

"Ilé fídíò wo?" ló bi mí. "N ò débẹ̀ rí."

Títí di òní n kò lè sọ ohun tí mo rí níbẹ̀. Ó lè jẹ́ aládùúrà kan tó tètè jáde. Ó lè jẹ́ ojú mi.

Mo mú un lọ bá aránṣọ, ìyẹn sì gba aṣọ náà wọlé fún un, kó lè bá a lára mu. Bàbá Bíríkìlà fọwọ́ kan apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà pé èèyàn ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ lohun tí ìyàwó awakọ̀ sọ lórí pákó. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní gbangba, ilẹ̀kùn mẹ́ta ni wọ́n tì mọ́ ọn lójú lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Àìsàn náà tó mú mi ló wá ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ó kọlù mí lóṣù kẹjọ, láàárín ọ̀sẹ̀. Láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán n kò lè dá dìde mọ́. Obìnrin náà gbé ẹní wá sí yàrá mi, ó jókòó tì mí fún ọjọ́ méjì, ó ń fi ṣíbí fún mi lómi. Mo rántí pé mo ń pè é ní Màmá, mo sì rántí pé ó ń dáhùn. Nígbà tí mo padà sílé ẹ̀kọ́, gbogbo ìyá tó ní ọmọ ní kíláàsì mi ti gbọ́ ẹni tó gbà mí là. Kò sẹ́ni tó tún tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà, àwọn ará àdúgbò kó yẹ̀pẹ̀ dí àbàtà náà díẹ̀díẹ̀, Bàbá Bíríkìlà sì mọ ẹnu àwọn kànga wọn ga láìgba owó iṣẹ́. Wọ́n sọ ilé fídíò di ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lọ́kọ, mo kó lọ sí ìhà Ọ̀tọ̀-Àwórì. Ní ọdún kan lẹ́yìn 1990, mo padà wá kí obìnrin náà. Kò sí nílé, ó ti jáde lọ wo aláìsàn. Ọmọ tó bí lẹ́yìn èyí tó kú ló wá kí mi, ó kúnlẹ̀, ó sì sáré padà sídìí eré rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, níbi tí omi ti máa ń mu àwa dé orúnkún tẹ́lẹ̀.